Èébú Tó Di Iṣẹ́: Scott Cawthon àti Ìforítì Nínú Géèmù Ṣíṣe

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjokòó, ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, mo júbà yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kóra jọ síbí nítorí pé géèmù ṣíṣe wù yín, ẹ kú ìkàlẹ̀. Orí ìforítì ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé. N ó ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ sọ ọ́ bí ìwàásù. Ẹnì kan ṣoṣo ni n ó mú, n ó sì tú iṣẹ́ rẹ̀ palẹ̀ níwájú yín, kí ẹ lè fojú ara yín rí ibi tó ti ṣubú àti ohun tó gbé e dìde. Scott Cawthon ni orúkọ rẹ̀, ará ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà. Òun ló ṣe Five Nights at Freddy's, géèmù adẹ́rùbani tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2014. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ti gbá a.

Àwọn tó ń fi ìtàn ọkùnrin yìí gba ọ̀dọ́ níyànjú sábà máa ń gé e kúrú. Wọ́n á ní ó ṣe géèmù, kò tà. Ó tún ṣe òmíràn, kò tà. Kò jáwọ́, ó sì là. Ó dùn-ún gbọ́ lóòótọ́, àmọ́ ó lè ṣi èèyàn lọ́nà. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ni Cawthon kàn tẹra mọ́ ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀, bóyá títí di òní ni ì bá ṣì máa ṣe géèmù tí ẹnikẹ́ni ò rà. Ohun kan wà tó ṣe láàárín ìṣubú àti ìdìde, òun ni mo sì fẹ́ kí á tẹjú mọ́.

Kristẹni ni Cawthon, tọkàntọkàn ló sì fi ń sin Ọlọ́run. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, fíìmù àwòrán àti géèmù tó dá lórí ẹ̀kọ́ Bíbélì ló gbájú mọ́, ohun tí ìdílé lè jókòó tì pa pọ̀. Ẹ̀yin àgbà yóò rántí ìwé John Bunyan tí à ń pè ní Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́, èyí tí David Hinderer, míṣọ́nnárì tó gbé ní Ìbàdàn, yí sí èdè Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìwé yẹn kan náà ni Cawthon fi ṣe fíìmù àwòrán ní ọdún 2005, kó tó tún wá fi ṣe géèmù. Ẹni tó bá ti ṣe àwòrán tó ń rìn rí mọ ìyà tó wà níbẹ̀: kọ̀ǹpútà lè ṣiṣẹ́ mọ́jú kó má yọ ju ohun tí ẹ ó wò ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Ó forí tì í. Ọjà kò yá. Ó níyàwó, ó bímọ, owó tó ń wọlé kò sì tó gbọ́ bùkátà.

Ní ọdún 2012 ó gbé The Desolate Hope jáde. Ibùdó kan tó jìnnà sí ayé yìí ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ibi tí àwọn èèyàn kò dé mọ́, tó ku àwọn ẹ̀rọ nìkan níbẹ̀ tí wọ́n ń dúró de àwọn tó ṣe wọ́n. Ẹni tí ẹ ó máa darí ni Coffee, ẹ̀rọ ìpo-kọfí kékeré kan tó ń fẹsẹ̀ rìn kiri. Ní tèmi o, nínú gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe, òun ni ojú inú rẹ̀ ṣí jù lọ. Ọ̀fẹ́ ló fi sílẹ̀. Àwọn tó gbá a yìn ín, àmọ́ ìyìn kì í ra ìrẹsì.

Ó wá di ọdún 2013, ó tún gbé òmíràn jáde, Chipper & Sons Lumber Co. Ìdílé ẹranko kan tó ń ṣiṣẹ́ igi àti pákó ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ogun níbẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀, ọmọdé ló ṣe é fún. Nígbà tí àwọn èèyàn rí i, ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ ni pé àwọn ẹranko náà jọ ọmọlangidi ẹlẹ́rọ, pé wọ́n ń dẹ́rù bani.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wọni lára tó. Ó wà ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, àwọn ilé oúnjẹ kan tí òbí ń kó ọmọ lọ fún ọjọ́ ìbí, tí wọ́n ń to ọmọlangidi ńláńlá sórí pèpéle. Ẹ̀rọ ló wà nínú wọn, awọ onírun ló wà lókè. Wọ́n á máa ya ẹnu, wọ́n á máa ṣẹ́jú gbàù-gbàù, wọ́n á máa kọrin. Nolan Bushnell, ọ̀kan lára àwọn tó dá iléeṣẹ́ géèmù Atari sílẹ̀, ló ṣí èyí tó lókìkí jù nínú irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California ní ọdún 1977. Àwọn ọmọ kan fẹ́ràn wọn, àwọn mìíràn ń fi igbe bọnu. Wàyí o, ẹnì kan jókòó, ó fi ìfẹ́ yàwòrán ẹranko tó fẹ́ kí ọmọdé rẹ́rìn-ín sí, wọ́n wá ní àwọn ọmọlangidi yẹn ló jọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń bú. Ojú tó fi ń wo nǹkan ni wọ́n ń bú.

Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ fún àwọn tó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lẹ́yìn náà pé ọkàn òun bàjẹ́ gidigidi, pé díẹ̀ ló kù kí òun pa géèmù ṣíṣe tì pátápátá. Mo gbà á gbọ́. Ẹni tó bá ti ṣe nǹkan kan tí gbogbo aráyé wò tí wọ́n sì yínmú sí mọ̀ pé ara kì í tètè bọ̀ sípò.

Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, nǹkan là sí i lọ́kàn. Bí àwòrán tí òun fẹ́ kó wu ọmọdé bá ń dẹ́rù ba àgbàlagbà tó báyìí láìjẹ́ pé òun gbìyànjú rẹ̀, tí òun bá wá dìídì fẹ́ dẹ́rù bà wọ́n, kí ni yóò ṣẹlẹ̀?

Àwọn bàbá wa ní òótọ́ ọ̀rọ̀ bí ìsọkúsọ ni. Ohun tí wọ́n sọ sí Cawthon bí ìsọkúsọ, òótọ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn ẹranko inú Chipper le gbagidi bí ike, wọ́n ń rìn gán-ín-gán-ín, ojú wọn là kalẹ̀. Ohun tí púpọ̀ nínú wa ì bá ṣe tó bá jẹ́ àwa ni pé a ó lọ tún ojú wọn ṣe, a ó mú ẹ̀rín wọn rọ̀, a ó wá máa bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n tún un wò. A ó lo ọdún méjì sí i láti sá fún èébú kan. Cawthon ṣe àwọn ẹranko tuntun, ṣùgbọ́n kò tún irú ojú náà ṣe. Ibi tó gbé e sí ló yí padà: ó gbé ẹranko náà kúrò nínú oòrùn, ó gbé e sínú òkùnkùn, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà yín ní aago mẹ́ta òru. Ìforítì tí mò ń sọ nìyí. Ọkùnrin náà kò pààrọ̀ ara rẹ̀, kò sì fi orí kunkun di ohun àtijọ́ mú. Ó gbọ́ ohun tí wọ́n wí, ó sì béèrè ohun tí ohun tí wọ́n wí yẹn lè wúlò fún.

Fún ẹ̀yin tí kò tíì gbá a, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí géèmù náà ṣe rí, torí pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Ọdẹ alẹ́ ni yín. Wọ́n gbà yín síṣẹ́ ní ilé oúnjẹ ọmọdé kan, alẹ́ 5 ni ẹ ó sì fi ṣọ́ ọ, láti aago 12 òru sí aago 6 ìdájí. Ẹ jókòó sínú ọ́fíìsì kékeré kan tí ẹ kò lè kúrò nínú rẹ̀. Ilẹ̀kùn kan wà lọ́wọ́ òsì, òmíràn wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ ní kámẹ́rà tí ẹ lè fi wo àwọn yàrá ilé náà. Lórí pèpéle, àwọn ọmọlangidi ẹlẹ́rọ ló dúró: Freddy tó jẹ́ béárì, Bonnie ehoro, Chica adìyẹ. Foxy, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, fara pa mọ́ sẹ́yìn aṣọ títa níbòmíràn. Tí alẹ́ bá ti lẹ́, wọ́n á máa rìn. Tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ yín, ó parí.

Kí ló dé tí ẹ ò kàn ní ti ilẹ̀kùn méjèèjì pa kí ẹ sùn? Iná ni. Iná ilé náà kì í ṣe aláìlópin. Ilẹ̀kùn tó bá wà ní títì ń jẹ iná, gílóòbù ẹnu ọ̀nà ń jẹ iná, kámẹ́rà ń jẹ iná. Nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, iye tó kù yóò máa rẹlẹ̀ lójú yín: 64, 63, 62. Ẹni tó bá ń ra káàdì mítà sílé rẹ̀, tó ń wò ó bó ṣe ń lọ sílẹ̀ nígbà tí owó kò sí lọ́wọ́, kò nílò kí n ṣàlàyé ẹ̀rù yẹn fún un. Tí iná bá tán, òkùnkùn á ṣú biribiri, ilẹ̀kùn á ṣí. Fún ìgbà díẹ̀ ẹ kò ní gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ojú Freddy á máa tàn, á máa kú, lẹ́nu ọ̀nà òsì, orin kan bíi ti àpótí ìṣeré ọmọdé á sì máa dún. Ẹ kò ní ohunkóhun láti tẹ̀ mọ́. Ẹ ó máa bẹ̀bẹ̀ pé kí aago 6 lù.

Alẹ́ kan, láti òru títí di ìdájí, kò gbà ju ìwọ̀n ìṣẹ́jú 9 lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe géèmù, ẹ wo abẹ́ aṣọ rẹ̀ wàyí. Kí ló ń mú àwọn ẹranko náà rìn? Ẹranko kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan láti 0 dé 20. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe tóbi tó ni ẹranko náà ṣe ń yọni lẹ́nu tó. Ní ìṣẹ́jú àáyá bíi 3 sí 5, géèmù á kàn mú nọ́ńbà kan láàárín 1 sí 20. Tí èyí tó mú kò bá ju nọ́ńbà ẹranko náà lọ, ẹranko náà láàyè láti sún síwájú. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti kọ́ iṣẹ́ yìí fún oṣù kan lè kọ ọ́. Cawthon gan-an kò lo irinṣẹ́ ńlá kankan. Clickteam Fusion ló lò, irinṣẹ́ tó jẹ́ pé èèyàn á máa to ìlànà sínú rẹ̀ pé tí èyí bá ṣẹlẹ̀, kí tọ̀hún tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀gá kan nínú iṣẹ́ yìí ń fojú ọmọdé wo irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Ẹ ó sì ṣàkíyèsí pé ẹ kì í rí Bonnie tàbí Chica kí wọ́n máa rìn. Ẹ ó wo kámẹ́rà, Bonnie wà lórí pèpéle. Ẹ ó yí ojú, ẹ ó padà wò ó, pèpéle ti ṣófo níbi tó wà. Ibo ló lọ? Ẹ ó máa wá a kiri yàrá, iná ń tán lọ, ẹ ó wá rí i tó dúró ní igun kan, tó kọjú sí kámẹ́rà. Àwòrán dídúró ni gbogbo rẹ̀, Cawthon ti yà á sílẹ̀ ṣáájú. Foxy nìkan ni ẹ ó rí tó ń sáré bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyẹn fún ìgbà kúkúrú, tí ọkàn yín á sì fò sókè. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ nílé rẹ̀ kò ní agbára láti mú kí ẹranko mẹ́rin máa rìn gaara káàkiri ilé ńlá. Nínú géèmù ọmọdé, àléébù nìyẹn ì bá jẹ́. Nínú géèmù ẹ̀rù, àìrí ìrìn wọn ni ẹ̀rù náà gan-an, nítorí pé ọkàn ẹni tó ń gbá a ni yóò parí ohun tí ojú kò rí.

Níbẹ̀ ni àwọn ọdún tó dà bíi pé ó ṣòfò ti wúlò. Bí a ṣe ń mọ ère orí kọ̀ǹpútà, bí a ṣe ń tan iná sí i lára, bí a ṣe ń fi ohùn kún un, gbogbo rẹ̀ ló ti kọ́ nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Kódà, ohùn ọkùnrin tó ń bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ìbẹ̀rẹ̀ alẹ́, tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún yín pẹ̀lú ìfòyà tó ń gbìyànjú láti fi pa mọ́, ohùn Cawthon fúnra rẹ̀ ni.

Nígbà yẹn, kí Steam, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ta géèmù, tó gba géèmù ẹni tí kò ní iléeṣẹ́ ńlá lẹ́yìn, àwọn ará ìta ló ń kọ́kọ́ dìbò fún un lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní Greenlight. Ó gba ibẹ̀ kọjá. Dọ́là 4 àti sẹ́ǹtì 99 ló ń tà á. Láìpẹ́ sí i, àwọn tó ń gbá géèmù lójú gbogbo ayé lórí YouTube gbé e, Markiplier ṣáájú, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń wò bí wọ́n ṣe ń kígbe. N kò ní bò ó fún yín pé oríire wà nínú ìyẹn. Géèmù rere mìíràn wà tí kò rí ẹni gbé e. Ṣùgbọ́n alẹ́ tí kò ju ìṣẹ́jú 9 lọ, ojú ẹni tó ń gbá a tó ń yí padà bí iná ṣe ń tán, ìtàn tó fara pa mọ́ sára ògiri pé ohun burúkú kan ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ nínú ilé yẹn rí, ohun tó dára fún wíwò ni wọ́n jẹ́. Oríire bá a pẹ̀lú iṣẹ́ tó ti parí lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ píparí yẹn. Apá kejì jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2014. Apá kẹta jáde ní oṣù kẹta ọdún 2015, apá kẹrin ní oṣù keje. Géèmù mẹ́rin, kò pé ọdún kan. Àwọn èèyàn ń béèrè bí ó ṣe ṣeé ṣe. Ní tèmi, ìdáhùn rẹ̀ wà nínú àwọn géèmù tí kò tà. Ẹni tó ti parí géèmù lé géèmù láìsí owó, láìsí àtẹ́wọ́, ti kọ́ ohun tí ẹlẹ́bùn tó ní iṣẹ́ àbọ̀ mẹ́wàá nínú kọ̀ǹpútà kò tíì kọ́. Mo máa ń rí i lára àwọn tí mò ń kọ́: ìbẹ̀rẹ̀ wọn máa ń dán, àmọ́ nígbà tó bá ku ìdámẹ́wàá tó nira, ìyẹn àtúnṣe, ìdánwò, ojú ewé tí a ti ń tẹ "bẹ̀rẹ̀", wọ́n á ti ní èrò tuntun. Cawthon máa ń parí tirẹ̀, kódà èyí tí wọ́n máa bú.

Kò sì sọ pé nígbà tí owó ti dé, òun kò ní ṣubú mọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2016 ó gbé FNaF World jáde (FNaF ni ìgékúrú Five Nights at Freddy's), ó fi ìkánjú gbé e jáde, àwọn tó rà á sì ráhùn pé iṣẹ́ rẹ̀ kò pé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti lówó, ó sì ti lórúkọ, ó lè ṣe bí ẹni pé kò gbọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ní òótọ́ ni wọ́n sọ, ó yọ ọ́ kúrò lórí Steam, ó sì ṣètò kí wọ́n dá owó àwọn tó rà á padà fún wọn. Ó padà tún un ṣe, ó sì gbé e jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù kejì. Lójú tèmi, ìwà tó hù lọ́dún 2013 náà nìyẹn, ọwọ́ kan náà ló fi mú àríwísí nígbà tí kò ní nǹkan kan àti nígbà tó ti ní.

Ti fíìmù tí wọ́n fi Five Nights at Freddy's ṣe, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ọdún 2015 ni wọ́n ti kéde pé wọ́n máa ṣe é. Ó kúrò lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn, wọ́n kọ ìtàn, wọ́n fà á ya, wọ́n tún òmíràn kọ. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ló tó dé ilé sinimá. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 dọ́là ni wọ́n fi ṣe é, ó sì pa ju mílíọ̀nù 290 lọ káàkiri ayé. Cawthon wà lára àwọn tó kọ ọ́.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú béèrè ìbéèrè kan tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí, nítorí pé òun ló yẹ kí gbogbo yín béèrè. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, nínú gbogbo ohun tí àwọn èèyàn ń sọ sí iṣẹ́ ẹni, báwo la ṣe máa mọ èyí tó yẹ ká gbọ́?"

Mo ní kó padà wo ohun tí wọ́n sọ fún Cawthon gan-an. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó lọ ṣe géèmù ẹ̀rù. Ohun tí wọ́n sọ ni ohun tó ṣe wọ́n: ẹ̀rù bà wọ́n. Èèyàn tí kò mọra wọn rí sọ ohun kan náà, níbi tí wọn kò ti lè gbìmọ̀. Nígbà tí ẹni tó gbá géèmù yín bá ní ó sú òun ní ìpele kẹta, ẹ gbà á gbọ́, òun ló mọ ara rẹ̀. Tó bá wá ní kí ẹ fi ìbọn kún ìpele kẹta kí ó má baà sú òun mọ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì lọ ronú fúnra yín, nítorí ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yín. Ó béèrè bóyá ó yẹ kí èèyàn dá wọn lóhùn. Mo ní kó kọ ọ̀rọ̀ wọn sínú ìwé ná, bí wọ́n ṣe sọ ọ́, láìfi tirẹ̀ kún un, kó sì gbé ìwé náà tì fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó tún kà á.

Iṣẹ́ tí mo fún wọn kí á tó tú ká nìyí. The Desolate Hope ṣì wà lórí Steam lọ́fẹ̀ẹ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbá a fún wákàtí kan, kí wọ́n wá gbá alẹ́ àkọ́kọ́ nínú Five Nights at Freddy's. Kí wọ́n kọ ohun gbogbo tí wọ́n rí nínú èkejì tó ti wà nínú ti àkọ́kọ́ sílẹ̀: àwọn ẹ̀rọ tí a pa tì, ilé tó ṣófo, bí iná ṣe ń ṣubú sára irin nínú òkùnkùn. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni a ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò.